Abọ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Padà Lófìfo

Adéfúnmiláyọ̀ kì í ṣe ahun. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn kan wà ní Atong Abè, àdúgbò kan ní Libreville, ní Gabon, tí ẹnu wọn kì í dákẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé nígbà tí oṣù Kejìlá ń kanlẹ̀kùn, òun àti Jíbọ́lá ọkọ rẹ̀ jókòó, wọ́n wo ohun tó wà lápò, wọ́n wo àwọn ènìyàn tó yẹ kí wọ́n fún lẹ́bùn Kérésìmesì, wọ́n sì wo ara wọn. Jíbọ́lá ní kí àwọn pa iná ilé, kí àwọn sọ fún gbogbo ayé pé àwọn rìnrìn àjò. Adéfúnmiláyọ̀ ní kò sí ibi tí àwọn ń lọ. Gbogbo ẹni tó yẹ kó gba ẹ̀bùn ni yóò gbà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ni yóò ṣe é, ẹnikẹ́ni kò ní ra nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀bù.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ayọ̀ sì gba ilé kan. Adéfúnmiláyọ̀ rin àgbọn títí ìka fi ń ta á, ó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, ó fi dín ṣín-ṣín. Ó se àdí àgbọn, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò, débi pé obìnrin tó ń gbé lókè wọn sọ̀kalẹ̀ wá béèrè bóyá wọ́n ń ṣe ìkómọ ni. Ó lọ tọrọ ègé ańkárá lọ́wọ́ télọ̀ kan ní àdúgbò Rio, ọkùnrin náà sì di àpò kan fún un dẹ́nu, ó ní ó ti bá òun gbálẹ̀. Audrey, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ń gé ìràwọ̀ láti ara kàlẹ́ńdà àtijọ́. Joël ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi okùn so wọ́n mọ́ ẹnu àpò ańkárá kéékèèké tí ìyá wọn fọwọ́ rán. Ní ti Jíbọ́lá, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe káàkiri ìlú, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ṣín-ṣín tó bá fọ́ ni wọ́n ní kó máa jẹ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èyí tí kò fọ́.

Ẹni tí Adéfúnmiláyọ̀ fẹ́ràn jù ládùúgbò ni Antoinette, obìnrin Nàgó ọmọ Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà pẹ̀lú Marcellin ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, àti àwọn ọmọ wọn méjì, Ange àti Merveille. Onídìrí ni Antoinette. Níwájú ilé rẹ̀ ló ti ń dìrun fún àwọn obìnrin, ibẹ̀ náà sì ni Adéfúnmiláyọ̀ máa ń jókòó sí bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ń ṣe akọ̀wé dé, tí wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín títí orí ẹni tí wọ́n ń dì nírun á fi máa gbọ̀n. Nígbà tó bu ṣín-ṣín tó jẹ́ ìpín Antoinette sọ́tọ̀, Adéfúnmiláyọ̀ wò ó, ojú rẹ̀ ò gbà á. Ṣín-ṣín lásán fún irú ọ̀rẹ́ báyìí? Ó wá gbójú sókè, ó rí abọ́ tánganran tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Abọ́ yìí ni ìyá Jíbọ́lá gbé lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ní Ìlaròó. Funfun ni, òdòdó pupa wà lára ọmọrí rẹ̀, etí rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé yíká. Adéfúnmiláyọ̀ kò bu oúnjẹ sí i rí. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń wà, tí á máa wo gbogbo ilé bí àgbàlagbà tó wá kí wọn. Ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn lọ́jọ́ náà: ẹ̀bùn olówó pọ́ọ́kú tó bá wà nínú abọ́ ńlá, ẹ̀bùn ńlá ni. Ó da ṣín-ṣín sínú rẹ̀, ó fi ìràwọ̀ mẹ́ta lé e lórí, ó dé e, ó gbé e sọdá títì. Antoinette fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó súre fún un, ó sì tún súre fún àwọn ọmọ. Adéfúnmiláyọ̀ darí wálé, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí fóònù dún. Ìyá Jíbọ́lá ni, láti Ìlaròó. Ó ní ọmọ òun tó wà ní Èkó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún òun, òun ń bọ̀ wá bá wọn ṣọdún ní Libreville. Adéfúnmiláyọ̀ fò sókè, ó pariwo ayọ̀, ó ní gbogbo ilé ni yóò yọ̀. Ìyá ní òun náà ti ń yọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà díẹ̀.

"Ìyàwó mi, abọ́ tánganran yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà, Màmá."

"Tọ́jú ẹ̀ fún mi o. Abọ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fojú ara mi rí tí mo bá dé."

Adéfúnmiláyọ̀ gbé fóònù sílẹ̀, ó rọra jókòó. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ohun kan ló yé e: ìyá ọkọ òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ òun lè tọ́jú nǹkan. Bí abọ́ bá sì ti bọ́ sí ilé onílé, kí ló kù tí òun lè sọ? Àmọ́ ó fọkàn balẹ̀. Ó ní Antoinette á dá a padà kí ọdún tó dé, kí ló wá ń já òun láyà?

Antoinette ò dá a padà. Ọjọ́ ń lọ, abọ́ ò dé. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti dìjú ni pé Adéfúnmiláyọ̀ kò lè béèrè rẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, a kì í dá abọ́ ẹni tó fún wa lóúnjẹ padà lófìfo. Bó jẹ́ ẹyọ ọsàn kan, bó jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀, nǹkan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ béèrè abọ́ tirẹ̀, oúnjẹ ló lọ béèrè yẹn, ojúkòkòrò sì ni. Báyìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe tọ́ Antoinette náà ní Kétu. Àwọn méjèèjì ti jọ sọ ọ́ rí níwájú ilé, wọ́n sì ti fi àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Jíbọ́lá ní ọ̀rọ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀, kí òun sáré sọdá lọ gbà á. Ó ní ẹ̀bìtì tí ò bá peku, ó yẹ kó fẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Adéfúnmiláyọ̀ ní bó bá fi ẹsẹ̀ kan ìloro Antoinette nítorí abọ́, òun á bá ìyá rẹ̀ padà sí Ìlaròó lẹ́yìn ọdún, kó máa dáná fúnra rẹ̀. Jíbọ́lá padà sídìí ṣín-ṣín tó ń fọ́.

Adéfúnmiláyọ̀ wá dá ọgbọ́n mìíràn. Ó ní bóyá ẹ̀bùn kan ò wúwo tó láti rán Antoinette létí. Bí òun bá fi òmíràn kún un, yóò rántí, yóò sì dá méjèèjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mú ìgò àdí àgbọn kan, ó fi ègé ańkárá wé ọrùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sínú abọ́ gíláàsì tó dára jù tó kù nílé, ó gbé e sọdá. Antoinette gbà á, ó dúpẹ́. Adéfúnmiláyọ̀ na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rí abọ́ Màmá lórí fìríìjì wọn, ó ń dán, ọmọrí rẹ̀ wà lórí rẹ̀ pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Wọ́n kí ara wọn pé ó dàárọ̀. Abọ́ gíláàsì ò padà, abọ́ Màmá ò padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí ti rí i pé ó yẹ kó dúró níbẹ̀. Òun ò rí i. Ó lọ sí ọjà Mont-Bouët nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn aláta àti ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ń palẹ̀ mọ́, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá àlà ní iye tí kò tó nǹkan, ó fi ata àti iyọ̀ sí i, ó dín dòdò Ìkirè tí gbogbo ilé fi ń pọ́n ìka lá. Abọ́ ike aláwọ̀ búlúù ló kó o sí. Abọ́ náà sọdá, kò padà. Ó ṣe gúrúdì, ó kó o sínú kúlà kékeré. Kúlà sọdá, kò padà. Ó fi ègé ańkárá rán aṣọ ìdìkòkò fún Antoinette, ó fi ọmọláńgidi aláṣọ fún Merveille kún un, ó gbé wọn sórí àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwo náà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di pé ọdún ku díẹ̀, kò sí abọ́ mọ́ nílé Adéfúnmiláyọ̀. Joël ń jẹ búrẹ́dì àti mílíìkì nínú kọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì. Audrey ní inú ìkòkò lòun ti máa jẹ tòun, ó sì ti orí bọ̀ ọ́ dé etí. Jíbọ́lá ń fi ìdérí ìkòkò jẹ ẹ̀bà, ọbẹ̀ ń ṣàn lọ síbi tó wù ú, ó sì ń fi òkèlè lé e kiri bí ẹni tó ń lé adìẹ. Wọ́n á wo ara wọn, ẹ̀rín á bú jáde. Àní nínú ìdààmú yẹn, Adéfúnmiláyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Níkẹyìn ó rán Audrey. Ó ní kó lọ sọ fún Màmá Ange pé ìyá òun fẹ́ yá abọ́ kan, abọ́ tánganran, ńlá, tó bá ní ọmọrí á dára. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà yé ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè. Audrey, tí Faransé rọ̀ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, gbéra, ó sì gbé abọ́ dé. Abọ́ tánganran ni, ńlá ni, ó ní ọmọrí, ṣùgbọ́n ti Antoinette ni, èyí tó gbé wá láti Kétu. Adéfúnmiláyọ̀ fọwọ́ lérí. Abọ́ mìíràn ti wọlé báyìí tí òun náà kò gbọdọ̀ dá padà lófìfo! Ó rin àgbọn lọ́jọ́ náà títí iná fi lọ, ó fi súìtì àgbọn kún abọ́ Antoinette dẹ́nu, ó dá a padà kó má bàa sùn nílé. Ìgbà tó padà dé ló rántí pé ohun tí òun wá lọ ò tẹ òun lọ́wọ́.

Láàárín gbogbo èyí, nǹkan kan wà tí kò tètè kíyè sí. Àga tó wà níwájú ilé Antoinette ti ń ṣófo. Àwọn tó fẹ́ dìrun ń wọ inú ilé lọ bá a. Lẹ́ẹ̀mejì ló rí Antoinette tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé jáde, tó ń yára bí ẹni tí òjò ń lé. Nígbà tó wá kíyè sí i, èrò burúkú ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó ní, ó ti wù ú. Abọ́ Màmá ti wọ̀ ọ́ lójú, kò fẹ́ dá a padà mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń sá fún òun. Ó dun Adéfúnmiláyọ̀ gan-an. Ọ̀rẹ́ tó ń sá fún un dùn ún ju abọ́ lọ, àmọ́ abọ́ ló ń sọ.

Màmá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú àpò gàrí àti kókóró Ìlaròó, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, Audrey sì ń fi Yorùbá tó mọ̀ kí i lákìítúnkí. Nígbà tó wá kan oúnjẹ, Adéfúnmiláyọ̀ bu ìrẹsì sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti fọ̀, ó ní oúnjẹ inú ewé máa ń ta sánsán, pàápàá fún ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Màmá jẹ, ó ní lóòótọ́ ló ta sánsán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ewé ló fi jẹ ẹ̀wà. Lọ́sàn-án, ewé ló fi jẹ iyán. Ó wo ewé, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó wo Jíbọ́lá tó ń gbé ìdérí ìkòkò sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Abọ́ yẹn ńkọ́, ìyàwó?"

Adéfúnmiláyọ̀ ní òun tọ́jú rẹ̀, pé ọjọ́ Kérésìmesì gan-an lòun máa gbé e jáde. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ara rẹ̀ ń gbóná. Kò purọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀ rí, ó sì ti mọ̀ pé ọ̀la ni Kérésìmesì.

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ ọdún, oòrùn ń ràn lẹ́yìn òjò àárọ̀. Màmá jókòó sí pálọ̀, ó ń dúró. Adéfúnmiláyọ̀ wà ní kíṣìnnì, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti pinnu pé òun á kúnlẹ̀, òun á sọ pé òun ti sọ abọ́ nù. Ìgbà náà ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

Antoinette ni. Abọ́ Màmá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Marcellin dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kúlà àti abọ́ gíláàsì, Ange gbé àwo pẹlẹbẹ, Merveille sì gbé abọ́ ike búlúù dé orí bí fìlà. Wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ akọrin tó fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo abọ́ náà ló mọ́ tónítóní, kò sì sí oúnjẹ nínú ìkankan.

Antoinette kúnlẹ̀ kí Màmá, ó sì yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Màmá Joël, ẹ má bínú. Franchement, ká sòótọ́, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Mo dín àkàrà sínú abọ́ yìí, àwọn ọmọ jẹ ẹ́ kí n tó wẹ̀ tán. Mo ṣe kúlíkúlí, bàbá wọn jẹ ẹ́. Bí mo bá ti ń ronú èyí tí màá tún ṣe, abọ́ yín mìíràn á ti dé, èyí tó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ojú tì mí. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà jáde bí olè. Lónìí ni mo ní ó tó. Mo kó wọn wá lófìfo. Òòyà àti òwú nìkan ló wà nínú èyí, torí mo gbọ́ pé Màmá ti ìrìn àjò dé. Tí wọ́n bá gbà, màá dì wọ́n nírun. Ohun tí mo ní nìyẹn. Voilà."

Wọ́n ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Adéfúnmiláyọ̀ mọ òwe náà láti kékeré, kò sì ronú rẹ̀ kan Antoinette rí. Òun tó ń pè é ní olójúkòkòrò lọ́kàn, òun gan-an ló ń fi ẹ̀bùn lé e gba ẹ̀yìnkùlé. Ìtìjú mú un láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fa Antoinette dìde, ó dì mọ́ ọn, abọ́ sì há sí àárín àwọn méjèèjì.

Màmá ní òun gbà, kí wọ́n wá dìrun òun kí wọ́n yéé sunkún lọ́jọ́ ọdún. Ó tú gèlè, ó jókòó sórí àpótí láàárín orúnkún Antoinette, òòyà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Adéfúnmiláyọ̀ rí i pé kò sí ibi tí òun lè sá sí mọ́. Ó nu abọ́ tánganran, ó gbé e wá síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pátá: bí òun ṣe fi ṣín-ṣín ṣe fáàrí nínú rẹ̀, bí kò ṣe padà, bí gbogbo abọ́ ilé ṣe tẹ̀ lé e lọ, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdérí ìkòkò, irọ́ tí òun pa. Kò fi ẹyọ kan pamọ́. Nígbà tó sọ tán, ó dorí kodò.

Ó gbójú sókè. Màmá ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tí kò dún, tó ń ti inú bọ̀, tí èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò títí ìlà irun fi wọ́ lọ́wọ́ Antoinette lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ìyàwó mi, ta ló sọ fún ẹ pé tèmi ni abọ́ yìí?"

Màmá nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní abọ́ Ìyá Ràsákì ni, mùsùlùmí tí ilé wọn jọ kọjú síra ní Ìlaròó, ọ̀rẹ́ òun àtàtà. Nígbà tí Jíbọ́lá ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹran Iléyá sínú rẹ̀ fún wọn. Òun ní kó di Kérésìmesì, òun á fi ìrẹsì àti adìẹ kún un padà. Kérésìmesì ọdún náà dé, ọwọ́ ò sí. Òun ní kó di Àjíǹde. Àjíǹde náà dé, ọwọ́ ò sí. Iléyá mìíràn wá dé, òun rí Ìyá Ràsákì tó ń gbé abọ́ mìíràn bọ̀, òun sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí, òun ní kí Jíbọ́lá lọ sọ pé òun ò sí nílé. Jíbọ́lá ní òun rántí, pé Màmá tilẹ̀ wúkọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sọ́jà. Nígbà tí owó wá dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìtìjú ti dàgbà ju owó lọ. Bí Jíbọ́lá ṣe gbéyàwó, tí wọ́n ní Gabon ni wọ́n ń lọ, òun ní kí abọ́ náà kúkú sọdá òkun, kí ojú òun má rí i mọ́.

Ó wá ní, "Lọ́jọ́ kan báyìí, mo rí Ìyá Ràsákì pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò lè kí i. Ilé ni mo dé tí mo sunkún. Mo ní kí n wá mú abọ́ yẹn, kí n lọ dá a padà kó tó pẹ́ jù." Ó fọwọ́ kan orúnkún Antoinette. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì lò tó oṣù kan lẹ́yìnkùlé, o sì ti jáde. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbébẹ̀ darúgbó."

Ẹnì kan ní kí wọ́n pe Ìyá Ràsákì. Ẹ ò ní gbà gbọ́, Marcellin ni, tí kì í sọ̀rọ̀. Jíbọ́lá ní nọ́ńbà Ràsákì lórí fóònù. Màmá ní kí wọ́n má pè é, apá kan orí òun ṣì wà ní títú, ṣùgbọ́n fóònù ti ń dún. Ràsákì gbé e, ó kí wọn kú ọdún, ó sì gbé fóònù fún ìyá rẹ̀. Ìdajì irun Màmá wà ní dídì, ìdajì dúró gan-an lórí rẹ̀. Ó di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ iléèwé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìmí.

Ìyá Ràsákì jẹ́ kó sọ tán. Ó wá ní, "Abọ́? Abọ́ wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi bu ẹran Iléyá fún wa. Olódòdó pupa."

"Nítorí abọ́ ni?" Ohùn arúgbó náà já díẹ̀. "Háà, Ìyá Jíbọ́lá. Èmi rò pé ẹran wa ni. Mo ní bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má jẹ ẹran Iléyá wa mọ́. Mo ní kí n má fi dààmú yín. Gbogbo ọdún yìí, ohun tí mò ń rò nìyẹn."

Màmá ní, "Ẹran yẹn? A jẹ ẹ́ tán, a tún lá abọ́."

Ẹ̀rín ló bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ níbí. Àwọn arúgbó méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún, tí ẹkún tún padà di ẹ̀rín. Ìyá Ràsákì ní kó gbé abọ́ náà bọ̀ bó bá ti dé, kó má sì kó nǹkan kan sínú rẹ̀, torí bí òun bá rí bó ṣe ẹyọ ìrẹsì kan níbẹ̀, òun ò ní ṣílẹ̀kùn. Kó kàn wá jókòó ni.

Antoinette parí irun náà nírọ̀lẹ́. Ṣùkú ni, ó sì bá Màmá mu débi pé Audrey ní òun náà fẹ́ irú rẹ̀. Wọ́n jẹun nínú abọ́ lọ́jọ́ náà, tilétilé méjèèjì, ọbẹ̀ Jíbọ́lá sì dúró sójú kan. Nígbà tí Marcellin ti kó àwọn ọmọ lọ sílé, tí Antoinette náà dìde, ọwọ́ Adéfúnmiláyọ̀ kàn lọ fúnra rẹ̀ síbi tí ṣín-ṣín tó kù wà, ó ti mú kúlà dání. Màmá fi abẹ̀bẹ̀ gbá a lọ́wọ́.

"Gbé kúlà sílẹ̀. Sìn ín sọ́nà."

Adéfúnmiláyọ̀ gbé kúlà sílẹ̀. Ó sin Antoinette sọ́nà lọ́wọ́ òfìfo, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ lọ́nà tó yà á lẹ́nu. Ọ̀nà náà ò jìn, wọ́n ti dé ẹnu géètì Antoinette kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Antoinette ní kí òun náà sìn ín padà. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Adéfúnmiláyọ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì tán, ó ní àfi kí òun tún sìn ín lọ. Báyìí ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ara wọn, tí ẹ̀rín wọn ń dé etí gbogbo àdúgbò, títí Jíbọ́lá fi béèrè láti ojú fèrèsé bóyá kí òun gbé àga wá fún wọn sáàárín títì. Takisí kan dé, ó fọn fèrè. Wọ́n yà fún un, wọ́n sì padà sáàárín ọ̀nà.